Bárẹ́ẹ̀lì ráífù: kí ló dé tí ọ̀kan fi wọ́n ju èkejì lọ, ṣé ó sì ń bá ojú àmì jù ú lọ lóòótọ́?

Sabo_Boy (Ìkòròdú)
Ẹ kú àárọ̀ o ẹ̀yin ọ̀gá mi gbogbo. Ẹ̀gbọ́n mi kan wà ní Texas, ó ti wọ ẹgbẹ́ àwọn tó ń fi ráífù díje, pátákó ni wọ́n ń yìnbọn sí láti òkèèrè, wọn kì í pa ẹran. Ó ra ráífù tuntun, odindi ẹ̀ ò tó 700 dọ́là. Àwọn tí wọ́n jọ ń yìn wá ń sọ fún un pé kó yọ bárẹ́ẹ̀lì (ọ̀pá oníhò tí ọta ń gbà jáde) tó bá ìbọn náà wá sọnù, kó ra èyí tí wọ́n ń pè ní cut rifled, ìyẹn èyí tí wọ́n gé ìlà sínú ihò ẹ̀, irin yẹn nìkan bíi 400 dọ́là, kò tíì kan owó ẹni tó máa bá a dè é mọ́ ìbọn o. Èyí tó wà lára ìbọn ẹ̀ báyìí, òòlù ni ilé iṣẹ́ fi lù ú. Èmi ń kọ́ iṣẹ́ léètì níbí ní Agric, lójú tèmi irin ni irin, ihò ni ihò. Kí ló wá dé tí ihò kan fi máa wọ́n tó báyẹn? Ṣé lóòótọ́ ló ń jẹ́ kí ọta lọ síbi tí wọ́n rán an, àbí orúkọ ni wọ́n ń tà?

Baba_Tonna (Odogunyan)
Ọmọ mi, ihò kì í ṣe ihò o. Ìwọ tó ń kọ́ léètì, tí wọ́n bá gbé bílọ́ọ̀kì ẹnjìnnì wá fún rebọ́ọ̀, kẹ́ ẹ tún ihò ẹ̀ gbẹ́, ṣé ẹ kì í wọn ìsàlẹ̀, àárín àti òkè sìlíńdà lẹ́yìn tẹ́ ẹ bá họ́ọ̀nì ẹ̀ tán? Kí lẹ̀ ń wá? Ẹ̀ ń wá bóyá ó dọ́gba. Tí òkè bá fẹ̀ ju ìsàlẹ̀ lọ, ọkọ̀ yẹn máa jẹ ọ́ìlì, oníbàárà á sì padà wá bá yín jà. Ohun tí wọ́n ń wá nínú bárẹ́ẹ̀lì náà nìyẹn, àmọ́ tiwọn le gan-an, torí pé ihò yẹn ò tó 8 mílímítà ní fífẹ̀, ó sì máa ń gùn tó 60 sẹ̀ǹtímítà tàbí jù bẹ́ẹ̀. Wàá lu ihò tín-ín-rín gígùn báyẹn kó má wọ́, kó má kúrò láàárín irin. Dírílì tí wọ́n fi ń lù ú kì í ṣe irú tiwa yìí, ihò wà nínú dírílì yẹn fúnra ẹ̀ tí wọ́n ń fi agbára ti ọ́ìlì gbà kó lè máa fọ ẹ̀rún irin jáde, irin tí wọ́n ń lu sì ni wọ́n sábà máa ń yí, kì í ṣe dírílì. Lẹ́yìn náà wọ́n á tún fi rímà tún un ṣe kó dán. Gbogbo èyí, wọn ò tíì fa ìlà kankan sínú ẹ̀ o. Tí ihò àkọ́kọ́ yìí bá ti wọ́, kò sí ìlà tí wọ́n máa fà sí i tó máa gbà á là.

Sabo_Boy (Ìkòròdú)
Ẹ ṣé gan-an bàbá. Ìlà yẹn gangan ni mo fẹ́ mọ̀, iṣẹ́ wo ló ń ṣe?

Alhaja_Mech (Ìkòròdú)
Ẹ jẹ́ kí n gbà á níbí torí pé iṣẹ́ tí mò ń kọ́ àwọn ọmọ ní kíláàsì nìyí, bí wọ́n ṣe ń gé irin àti bí wọ́n ṣe ń tẹ̀ ẹ́. Ìlà yẹn kì í lọ tààrà, ńṣe ló ń yí lọ láti ìdí bárẹ́ẹ̀lì títí dé ẹnu. Nígbà tí iná bá ti ọta wọlé, ọta á jẹ ìlà yẹn, á máa yí. Ohun tó bá ń yí kíkankíkan kì í tàkìtì lójú afẹ́fẹ́. Ẹ wò ó: bí ìlà bá yí ẹ̀ẹ̀kan láàárín ínǹṣì 10, tí ọta sì jáde pẹ̀lú eré bíi mítà 850 ní ìṣẹ́jú àáyá kan, iye ìgbà tó ń yí ju 3,000 lọ ní ìṣẹ́jú àáyá kan ṣoṣo. Ẹ ṣe é sí ìṣẹ́jú kan, ó tó 200,000. Tí ọta bá wá wọ́ díẹ̀ péré nígbà tó ń jáde, tàbí ibì kan nínú ihò yẹn fẹ̀ tó sì jẹ́ kó mì, pẹ̀lú eré tó fi ń yí yìí, àṣìṣe kékeré á di ńlá kó tó dé pátákó.

Ọ̀nà mẹ́ta ló wọ́pọ̀ tí wọ́n fi ń fa ìlà yẹn.

Àkọ́kọ́ ni gígé. Irin mímú kékeré kan ni wọ́n ń fà gba inú ihò, á ha díẹ̀, wọ́n á tún dá a padà, á tún ha díẹ̀. Nǹkan bíi ìdá kan nínú ẹgbàárùn-ún ínǹṣì ló ń ha lẹ́ẹ̀kan, ìyẹn ò ju máíkírọ́ọ̀nù méjì ààbọ̀ lọ. Bárẹ́ẹ̀lì .308, ìyẹn ti ọta tó fẹ̀ tó 0.308 ínǹṣì, jíjìn ìlà kọ̀ọ̀kan jẹ́ 0.004 ínǹṣì. Tó bá jẹ́ ìlà márùn-ún ló ní, ẹ ṣírò ẹ̀, bíi ìgbà 200 ni irin yẹn máa gba inú ihò kan ṣoṣo lọ. Ó lè gba wákàtí kan tàbí jù bẹ́ẹ̀, ẹni tó mọṣẹ́ sì gbọ́dọ̀ dúró tì í. Ibẹ̀ lowó ti ń wọlé.

Èkejì ni bọ́tìnnì. Èyí kì í gé nǹkankan. Irin carbide líle kan ni, wọ́n ti gbẹ́ àwòrán ìlà sára ẹ̀, ó fẹ̀ ju ihò lọ díẹ̀, wọ́n á fi agbára fà á tàbí tì í gba inú ihò kọjá lẹ́ẹ̀kan, ó ti tán. Kì í tó ìṣẹ́jú mélòó kan. Ńṣe ni irin inú ihò náà sún sẹ́yìn fún un.

Ẹ̀kẹta ni òòlù, ti ẹ̀gbọ́n ọmọ yìí. Wọ́n á ki mándírẹ́ẹ̀lì, ìyẹn ọ̀pá irin líle tó ní ìlà lára, sínú irin tó kúrú tó sì sanra, òòlù mẹ́rin á máa lù ú láti ẹ̀gbẹ́ gbogbo títí irin á fi lẹ̀ mọ́ mándírẹ́ẹ̀lì yẹn, irin á gùn sí i, ìlà á sì ti wà nínú ẹ̀. Ìṣẹ́jú mélòó kan ni èyí náà.

Ode_Epe
Ẹ kú iṣẹ́ Àlhájà, mo gbádùn ẹ̀. Ìdílé ọdẹ ni mo ti wá níbí l'Ẹ́pẹ̀ẹ́, ìbọn ṣakabùlà la mọ̀, òun náà sì ń pa ẹran. Ṣé ṣakabùlà náà ní ìlà nínú ni?

Alhaja_Mech (Ìkòròdú)
Rárá o, inú ṣakabùlà dán. Ohun tí wọ́n ń rọ sínú ẹ̀ sì pọ̀, kì í ṣe ọta kan, ó máa ń fọ́nká, ìyẹn náà ló jẹ́ kó dáa fún ẹran tó wà nítòsí. Ọdẹ tó ń fi ṣakabùlà ṣọdẹ, ìrìn ẹsẹ̀ ẹ̀ àti sùúrù ẹ̀ ló fi ń dé ọ̀dọ̀ ẹran. Tẹ́ ẹ bá ní kó yin pátákó ní mítà 300, ẹ ti fìyà jẹ ẹ́.

Ode_Epe
Òótọ́ ni. Bàbá wa máa ń sọ pé kéèyàn sún mọ́ ọn dáadáa, kó tó yìn ín.

Ade_Houston
Ẹ jẹ́ kí èmi tí mò ń yìn ín dá sí i, ọmọ Ìgbógbó ni mí, mo ti pẹ́ díẹ̀ níbí. Ẹ̀yin tẹ́ ò tíì rí bí wọ́n ṣe ń wọ̀n ọ́n, báyìí ni: wọ́n á yìn ín bíi ẹ̀ẹ̀márùn-ún sí ojú kan náà, wọ́n á wọn láti àárín ihò kan sí àárín ihò tó jìnnà sí i jù. Tí gbogbo ẹ̀ ò bá ju bíi mílímítà 29 lọ ní mítà 100, ìyẹn ni wọ́n ń pè ní MOA kan. Fún ọdẹ, ìyẹn ti ju ohun tó nílò lọ. Àwọn oníbenchrest tó ń díje, tí wọ́n ń gbé ìbọn lé tábìlì kí wọ́n tó yìn ín, tiwọn lè má tó ìdá mẹ́rin ìyẹn, ihò márùn-ún á wà lórí ara wọn bíi pé ẹ̀ẹ̀kan ni wọ́n yìn ín.

Ibi tí mo fẹ́ kí Sabo_Boy fetí sí nìyí. Tikka, tí wọ́n ń ṣe ní Fínlándì, òòlù ni wọ́n fi ń lu bárẹ́ẹ̀lì wọn, wọ́n sì ń fọwọ́ sọ̀yà pé ẹ̀ẹ̀mẹta tí wọ́n bá yìn ín ò ní ju MOA kan lọ. Ruger American ń kọ́, òun náà òòlù ni, owó ẹ̀ ò wọ́n, ó sì ń bá ojú àmì. Torí náà ẹni tó bá sọ fún ẹ̀gbọ́n ẹ pé kó sọ bárẹ́ẹ̀lì yẹn nù nítorí pé òòlù ni wọ́n fi lù ú, kò mọ ohun tó ń sọ. Ẹ̀ẹ̀mẹta náà kéré jù láti fi mọ nǹkan o, kó yìn ín ẹ̀ẹ̀mẹ́wàá kó tó pinnu.

Sabo_Boy (Ìkòròdú)
Ẹ̀gbọ́n Adé, mo dúpẹ́. Àmọ́ ohun tí mi ò lóye ni pé tí òòlù bá dáa tó sì yá, tí owó ẹ̀ tún kéré, kí ló dé tí gbogbo èèyàn ò fi máa lò ó? Kí ló tún ku tí wọ́n ń gé?

Alhaja_Mech (Ìkòròdú)
Ẹ̀rọ yẹn gan-an ni. Ẹ̀rọ òòlù kan ṣoṣo ju mílíọ̀nù dọ́là lọ, ó tóbi, ó wúwo, ilé tó máa wọ̀ sí gan-an lowó. Gbogbo ìwọ̀n ọta àti gbogbo bí ìlà ṣe ń yí, mándírẹ́ẹ̀lì tiẹ̀ lọ́tọ̀ ni, mándírẹ́ẹ̀lì kan ò sì rà ní pọ́ọ́kú. Tí ilé iṣẹ́ bá ń ṣe ẹgbẹẹgbẹ̀rún bárẹ́ẹ̀lì kan náà lọ́dún, wọ́n á pín owó ẹ̀rọ yẹn sórí gbogbo ẹ̀, á wá kù díẹ̀ lórí ọ̀kan. Àmọ́ ẹni tó ń ṣe ogún fún àwọn tó ń díje, tí oníbàárà kan fẹ́ kó yí ní ínǹṣì 8, tí òmíràn fẹ́ 7 ààbọ̀, níbo ló ti máa rí mílíọ̀nù dọ́là yẹn padà? Ẹni tó ń gé, ó kàn máa tún ẹ̀rọ ẹ̀ ṣètò ni, irin mímú kan náà ló máa lò. Ilé iṣẹ́ Krieger àti Bartlein ní Wisconsin l'Amẹ́ríkà, iṣẹ́ gígé ni wọ́n mọ̀ wọ́n sí. Àwọn ẹ̀rọ gígé ti Pratt & Whitney tí wọ́n ti ṣe láyé àtijọ́ ṣì wà tó ń ṣiṣẹ́ títí dòní níbìkan.

Òòlù yìí, ológun ló bí i. Ogun Hítílà ló gbé e jáde ní Jámánì, torí pé ìbọn MG42 wọn ń yìn tó 1,200 ọta ní ìṣẹ́jú kan, bárẹ́ẹ̀lì ń jẹ run bí ẹní ń jẹ ẹ̀pà, wọ́n nílò ohun tó yá tó sì pẹ́. Lẹ́yìn ogun, ilé iṣẹ́ GFM tó wà ní Steyr ní Ọ́sítríà ni orúkọ wọn lọ jù nínú ṣíṣe ẹ̀rọ yẹn. Òòlù tún ń jẹ́ kí ojú inú irin le sí i, ìdí nìyẹn tí ológun fi fẹ́ràn ẹ̀: pípẹ́ ni wọ́n ń wá, kì í ṣe ihò márùn-ún lórí ara wọn.

Agbadarigi_Man
Ọbẹ̀ tó dùn, owó ló pa á jàre. Èyí tí wọ́n gé ló dáa jù, ẹ jẹ́ ká sọ òótọ́.

Ade_Houston
Bọ̀dá, ẹ má bínú, mi ò gbà fún yín. Ọ̀pọ̀ nínú àwọn tó gba ipò kìíní ní benchrest látijọ́, bọ́tìnnì ni wọ́n lò. Mike Walker tó ṣiṣẹ́ ní Remington ló wà nídìí bọ́tìnnì ní àwọn ọdún 1940, òun fúnra ẹ̀ sì jẹ́ onídíje, òun náà ló gbé ọta .222 Remington jáde ní 1950. Ṣé ẹni tó ń díje á dá ohun tí ò dáa sílẹ̀ fún ara ẹ̀? Àwọn ilé iṣẹ́ bárẹ́ẹ̀lì bíi Hart, Shilen, Lilja, bọ́tìnnì ni gbogbo wọn, àwọn èèyàn sì ń san owó gidi fún wọn. Lothar Walther ní Jámánì náà ń kọ́. Ọbẹ̀ lè dùn láìjẹ́ pé owó ẹ̀ ló pọ̀ jù.

Agbadarigi_Man
Ó dáa, mo gbọ́. Kí ló wá fa ìyàtọ̀ láàárín bọ́tìnnì tó dáa àti bọ́tìnnì tí ò dáa nígbà tó jẹ́ pé nǹkan kan náà ni wọ́n fà gba inú ẹ̀?

Baba_Tonna (Odogunyan)
Ìbéèrè tí mo ti ń retí nìyẹn, torí pé iṣẹ́ wa ni. Tẹ́ ẹ bá gbé ọ̀pá irin tí wọ́n ti tẹ̀ tàbí fà ní tútù sórí léètì, tẹ́ ẹ gbẹ́ apá kan ẹ̀ lọ, ẹ máa rí i pé tẹ́ ẹ bá tú u sílẹ̀ ó ti tẹ̀ kọ́rọ́kọ́rọ́, láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni fọwọ́ tẹ̀ ẹ́. Agbára tó há sínú irin ló fà á. Gbogbo apá irin yẹn ló ń fa ara wọn, tẹ́ ẹ bá wá mú apá kan kúrò, èyí tó kù á fà síbi tó bá fẹ́. Mo ti rí i lára ṣáfùtì tó pọ̀. Bọ́tìnnì tí wọ́n fi agbára fà gba inú irin, irú agbára yẹn ló fi sílẹ̀ síbẹ̀. Tí wọ́n bá wá gbé e sórí léètì láti fi tín ẹ̀yìn bárẹ́ẹ̀lì, kí ó lè fúyẹ́ níwájú, ihò inú á ṣí díẹ̀ níbi tí wọ́n ti tín in. Níwájú kẹ̀, ní ẹnu! Ibi tí kò yẹ kó fẹ̀ rárá. Ọta á tú sílẹ̀ níbi tó kẹ́yìn tó yẹ kí irin ti dì í mú.

Ẹni tó mọṣẹ́ á kọ́kọ́ kó o sí iná lẹ́yìn bọ́tìnnì, ooru tó ju 500 lọ ní Sẹ́líṣíọ̀sì, á jẹ́ kó tutù pẹ̀lú sùúrù, kí agbára yẹn lè tú kó tó kàn án lórí léètì. Ẹni tó ń sáré kó lè tà, á fo ibẹ̀, tàbí kó ṣe é ní ìdajì. Bárẹ́ẹ̀lì méjèèjì, bọ́tìnnì ni orúkọ wọn. Èyí tí wọ́n gé, kò fi bẹ́ẹ̀ há agbára sínú irin, torí pé díẹ̀díẹ̀ ló ń ha irin, ìdí tí àwọn onídíje fi fọkàn tán an nìyẹn. Wọn ò fọkàn tán gígé torí gígé, irin tó bá ara ẹ̀ rẹ́ ni wọ́n fọkàn tán.

Alhaja_Mech (Ìkòròdú)
Bàbá, ẹ kú iṣẹ́, ẹ ti sọ ọ́ ju bí mo ṣe ń sọ ọ́ ní kíláàsì lọ. Ẹ jẹ́ kí n fi ọ̀kan kún un: láàpù. Lẹ́yìn tí wọ́n bá fa ìlà tán, àwọn tó ń ṣe ti ìdíje á yọ́ òjé sínú ihò náà gan-an, kí òjé lè gba àwòrán ìlà, wọ́n á fi iyẹ̀fun tó ń họ irin pa á, wọ́n á máa fi ọwọ́ fà á lọ fà á bọ̀. Ọwọ́ ẹni tó ń ṣe é ló ń sọ fún un pé ibí ṣì há, ibí ti tú. Ọwọ́ èèyàn ni ọ̀pọ̀ wọn ṣì fi ń ṣe iṣẹ́ yẹn. Lẹ́yìn ẹ̀ wọ́n á fi afẹ́fẹ́ wọ̀n ọ́n láti ìdí dé ẹnu, bóyá ó dọ́gba dé ìdá kan nínú ẹgbàárùn-ún ínǹṣì. Èyí tí ò bá dọ́gba, wọ́n á yọ ọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́. Owó tí wọ́n gbà lọ́wọ́ ẹ, àtèyí tí wọ́n yọ sẹ́gbẹ̀ẹ́ ló wà nínú ẹ̀. Ní ilé iṣẹ́ tó ń ṣe ẹgbẹẹgbẹ̀rún, tó bá ṣáà ti wà láàárín ìwọ̀n tí wọ́n gbà, ó ti lọ.

Small_Engineer (Ìtóìkín)
Ẹ̀yin bàbá wa, pẹ̀lú gbogbo àlàyé yìí, ṣé ẹni tó ní léètì tó dáa níbí ò lè gbìyànjú ẹ̀ ni? Mo kàn ń béèrè.

Alamojuto
Ẹ jọ̀ọ́, ibí yìí la ti máa dá a dúró. Òfin ìbọn ilẹ̀ yìí, Firearms Act ti 1959, kò gbà kí ẹnikẹ́ni máa ṣe ìbọn tàbí ẹ̀yà ara ẹ̀ láìgbàṣẹ ìjọba. Ẹ lè máa sọ bí wọ́n ṣe ń ṣe é nílé iṣẹ́ lókè òkun àti ìdí tó fi wọ́n, a ò kọ ìyẹn, àmọ́ ẹni tó bá ń béèrè bó ṣe máa ṣe é fúnra ẹ̀, a máa yọ ọ̀rọ̀ ẹ̀ kúrò.

Baba_Tonna (Odogunyan)
Alámòójútó, ẹ ṣeun. Ọmọ Ìtóìkín, gbọ́, bàbá ẹ ló ń bá ẹ sọ̀rọ̀. Ní ṣọ́ọ̀bù mi, ẹni tó bá gbé irú iṣẹ́ yẹn wá, mi ò ní jẹ́ kó jókòó. Mo ní ọmọ iṣẹ́, mo ní orúkọ, ìdílé ọmọ tí ìbọn bẹ́ẹ̀ bá pa ò ní bi mí bóyá mo gba owó tàbí mi ò gbà. Tó o bá fẹ́ ṣiṣẹ́ irú ẹ̀, DICON, ilé iṣẹ́ ìjọba tó ń ṣe ohun ìjà, wà ní Kàdúná láti 1964, ìjọba ló dá a sílẹ̀ fún un, kàwé ẹ kó o lọ gbaṣẹ́ síbẹ̀. Ìmọ̀ bí ihò ṣe ń dọ́gba yìí, lò ó fún ẹnjìnnì àti háídírọ́líìkì. Àwọn tó ń tún sìlíńdà katapílà ṣe ò tó nílẹ̀ yìí, owó wà níbẹ̀.

Small_Engineer (Ìtóìkín)
Mo gbọ́ bàbá, ẹ má bínú. Ti sìlíńdà háídírọ́líìkì yẹn, màá wá bá yín ní Odogunyan.

Ade_Houston
Ká padà sórí ọ̀rọ̀ ẹ̀gbọ́n Sabo_Boy. Ohun méjì wà tí ẹnikẹ́ni ò tíì mẹ́nu bà, wọ́n sì ń ba bárẹ́ẹ̀lì olówó ńlá jẹ́. Àkọ́kọ́ ni ilé ọta, ibi tí wọ́n ń ki ọta sí ní ìdí bárẹ́ẹ̀lì. Tí ẹni tó gbẹ́ ẹ ò bá jẹ́ kó wà láàárín gangan pẹ̀lú ihò, ọta á ti wọ́ kó tó wọ inú ìlà, ìyẹn ni pé 400 dọ́là yẹn ti jóná. Ìkejì ni etí ẹnu bárẹ́ẹ̀lì. Òun ni ọta ń fọwọ́ kàn kẹ́yìn. Tí ẹ̀gbẹ́ kan ẹ̀ bá ti bó, iná á jáde lẹ́gbẹ̀ẹ́ yẹn ṣáájú, á sì ti ọta sẹ́gbẹ̀ẹ́. Mo mọ èèyàn tó ń fi ọ̀pá ìfọ̀ fọ ìbọn ẹ̀ láti ẹnu lójoojúmọ́, ọ̀pá yẹn ń ha etí yẹn, ó wá ń sọ pé bárẹ́ẹ̀lì ò dáa.

Ọta fúnra ẹ̀ náà ń kọ́. Àwọn tó ń fi .22 díje ní Òlíḿpíìkì ní mítà 50, ojú àmì tó gba 10 ò ju mílímítà 10.4 lọ. Kí wọ́n tó lọ, wọ́n á kó oríṣiríṣi ọta jọ, ti ilé iṣẹ́ kan náà, ọjọ́ tí wọ́n ṣe é ló yàtọ̀, wọ́n á máa dán wọn wò nínú bárẹ́ẹ̀lì wọn títí wọ́n á fi rí èyí tí bárẹ́ẹ̀lì yẹn fẹ́ràn. Bárẹ́ẹ̀lì kan lè kọ ọta tí bárẹ́ẹ̀lì kejì fẹ́ràn, kódà kó jẹ́ pé ẹ̀rọ kan náà ló ṣe àwọn méjèèjì.

Sabo_Boy (Ìkòròdú)
Mo ti fi gbogbo ẹ̀ ránṣẹ́ sí i lórí WhatsApp, ó ka gbogbo ẹ̀. Ó ní kí n bi yín pé báwo lòun ṣe máa mọ ìgbà tó yẹ kóun pààrọ̀ ẹ̀ gan-an.

Ade_Houston
Bárẹ́ẹ̀lì ń kú. Iná tó ń jáde lẹ́yìn ọta ló ń jẹ ìbẹ̀rẹ̀ ìlà, níwájú ilé ọta. Tó bá jẹ́ .308 ló ń yìn, ó lè yìn ín tó bíi 5,000 kó tó rí i pé ihò ẹ̀ lórí pátákó ń fọ́nká. 6.5 Creedmoor, oríṣi ọta mìíràn, kì í pẹ́ tó ìyẹn, ó lè tó ìdajì ẹ̀ nìkan. Torí náà kó fi èyí tí wọ́n fi òòlù lù yẹn kọ́ṣẹ́ ná. Kó kọ iye tó ti yìn sílẹ̀, kó ra ọta oríṣi mẹ́rin márùn-ún, kó yin ọ̀kọ̀ọ̀kan ẹ̀ẹ̀mẹ́wàá, kó wo èyí tó gbára jọ jù. Owó tó bá fẹ́ ná, kó ná an lórí ọta àti ìdánilẹ́kọ̀ọ́. Ìgbà tí bárẹ́ẹ̀lì yẹn bá gbó, tí òun náà sì ti mọ̀ ọ́n yìn débi pé bárẹ́ẹ̀lì ló ń dá a dúró, kó ra èyí tí wọ́n gé tàbí bọ́tìnnì tó ti wọ iná dáadáa, kó sì wá ẹni tó mọ ilé ọta gbẹ́ kó bá a dè é. Kó béèrè lọ́wọ́ ẹni yẹn bóyá ó máa wọn ihò ní ìdí bárẹ́ẹ̀lì lórí léètì kó tó gbẹ́ ilé ọta. Tó bá ní kò pọndandan, kó gbé irin ẹ̀ lọ síbòmíràn.

Sabo_Boy (Ìkòròdú)
Ó ní òun máa ṣe bẹ́ẹ̀, ó kí gbogbo yín. Ó ní .308 ni tòun, ọta tóun sì ti yìn ò tíì tó 300.